Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù yín wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èwo ló wálẹ̀ nínú rẹ̀?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọkùnrin ẹni ọdún 43 ni mí. Ara mi dá ṣáṣá, n kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, n kò ní àtọ̀gbẹ, n kì í sì í lo oògùn kankan. Nígbà tí mo ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù mi jẹ́ 212 mg/dL, LDL 136, HDL 48. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa lo hóró mínírà, pé yóò fọ ọ̀rá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo síńkì 50 mg lójoojúmọ́, pẹ̀lú kálísíọ́mù, magnísíọ́mù àti kúrómíọ́mù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àpapọ̀ ti di 201, LDL 132, HDL 41. Inú mi dùn púpọ̀. Ṣé kí n máa bá a lọ? Ṣé kí n fi sẹlíníọ́mù kún un?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń béèrè irú ìbéèrè yìí, àpapọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń sọ, bẹ́ẹ̀ inú àpapọ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ fara pamọ́ sí. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ẹ dáwọ́ síńkì yẹn dúró, ẹ má sì fi sẹlíníọ́mù kún un. N ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún yín, nítorí n kò fẹ́ kí ẹ kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ bí ẹ ṣe gba ti ọ̀rẹ́ yín.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò díẹ̀. Àpapọ̀ yín fi 11 dín kù. LDL, èyí tó ń wọnú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ tó sì ń dí i díẹ̀díẹ̀, fi 4 péré dín kù. HDL, èyí tó ń kó kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù padà sí ẹ̀dọ̀, fi 7 dín kù. Nínú 11 tí ẹ ń yọ̀ sí, 7 jẹ́ ti HDL, èyí tí ẹ kò fẹ́ kó dín kù rárá.

Ti LDL tó fi 4 wálẹ̀ ńkọ́? Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kì í dúró sójú kan. Bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan lónìí, tí a tún gbà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí kò yí oúnjẹ rẹ̀ padà, tí kò sì ṣe nǹkan tuntun kankan, èsì méjèèjì lè fi ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ síra. Láti 136 sí 132 kò tó ìdá 3. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò kì í wọn LDL fúnra rẹ̀. Ìṣirò tí Friedewald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1972 ni wọ́n máa ń lò: wọ́n á yọ HDL kúrò nínú àpapọ̀, wọ́n á sì tún yọ ìdá kan nínú márùn-ún ọ̀rá yòókù tí wọ́n ń pè ní triglyceride. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀ díẹ̀, LDL náà á yẹ̀.

Ẹ tún wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Èsì tó ga ló dẹ́rù bà yín tí ẹ fi ń wá nǹkan lò. Èsì tó bá ga ju bó ṣe máa ń rí lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sábà máa ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ohun yòówù tí èèyàn bá sì ń lò láàárín ọjọ́ méjèèjì ló máa gba ògo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi máa ń pín èèyàn sọ́nà méjì: apá kan á máa lo mínírà gidi, apá kejì á máa lo hóró tó jọ ọ́ bí ìbejì ṣùgbọ́n tí kò ní nǹkan kan nínú. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín apá méjèèjì nìkan la lè kà sí iṣẹ́ mínírà. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni mo gbára lé jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

HDL tó fi 7 wálẹ̀ yẹn ló ká mi lára jù. Láti 48 sí 41 sún mọ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. N kò lè fi àyẹ̀wò kan ṣoṣo búra pé síńkì ló fà á, ṣùgbọ́n ohun tí a mọ̀ pé síńkì púpọ̀ ń ṣe gan-an nìyẹn. Ní 1980, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fún ọkùnrin méjìlá tí ara wọn le ní síńkì 160 mg lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọn kò yí padà. LDL wọn kò yí padà. HDL wọn ló já wálẹ̀ ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá wo àpapọ̀ nìkan ì bá ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Ẹ lè sọ pé 160 mg pọ̀ ju tiyín lọ fíìfíì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní 1988, àwọn mìíràn fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ara wọn le ní 50 mg tàbí 75 mg fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, HDL tún wálẹ̀. Ìwọ̀n tí ẹ̀yin ń lò nìyẹn, oṣù mẹ́ta tí ẹ fi lò ó náà nìyẹn.

Kí ló dé tí síńkì fi ń ṣe báyìí? Bàbà, mínírà tí òyìnbó ń pè ní copper, ni ẹ jẹ́ ká wò. Ara wa nílò bàbà díẹ̀, nǹkan bíi 0.9 mg lójúmọ́ fún àgbàlagbà, láti ṣe ẹ̀jẹ̀, láti tọ́jú àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára káàkiri ara, àti láti bójú tó ọ̀rá. Nígbà tí síńkì bá pọ̀ nínú ìfun, awọ inú ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní metallothionein, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti di irú àwọn èròjà wọ̀nyí mú. Purotéènì yìí fẹ́ràn bàbà ju síńkì tó pè é jáde lọ. Yóò gbá bàbà mú ṣinṣin kó tó wọnú ẹ̀jẹ̀, awọ inú ìfun náà á sì bọ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ bó ṣe máa ń bọ́, yóò bá ìgbẹ́ jáde, bàbà á sì bá a lọ. Èèyàn ń gbé síńkì mì, bàbà ló ń sọ nù.

Èyí kì í ṣe àbá lásán. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n fi ń wo aláìsàn. Àrùn Wilson ni kí bàbà máa kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ. Ọ̀kan nínú oògùn rẹ̀ ni síńkì, kí bàbà má bàa rọ́nà gbà láti inú ìfun. Nígbà tí àjọ tó ń ṣèwádìí ojú ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí ńlá tó ń jẹ́ AREDS jáde ní 2001, 80 mg síńkì ló wà nínú hóró tí wọ́n fún àwọn àgbàlagbà fún ìtọ́jú ojú, ṣùgbọ́n wọ́n fi 2 mg bàbà sí i, nítorí wọ́n mọ̀ pé bàbà lè tán lára àwọn tó ń lò ó. Ní 2008, àwọn dókítà ròyìn àwọn aláìsàn kan tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ti ń kú tipiri, tí wọn kò lè rìn dáadáa mọ́. Wọn kò gbé hóró síńkì kankan mì. Oje tí wọ́n fi ń lẹ eyín àtọwọ́dá mọ́ ẹnu ló ní síńkì nínú, wọ́n sì ti ń lò ó lápọ̀jù fún ọdún púpọ̀. Bàbà ti gbẹ tán lára wọn.

Mílígíráàmù 11 lọ́jọ́ kan ni ìlànà Amẹ́ríkà sọ pé ọkùnrin nílò, 8 ni ti obìnrin. Òpin tí kò yẹ kí àgbàlagbà kọjá jẹ́ 40 mg, ti oúnjẹ àti ti hóró pọ̀. Ní Yúróòpù, 25 mg ni wọ́n fi sí. Tiyín ti kọjá òpin méjèèjì kí ẹ tó fi òkèlè kankan kan ẹnu. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ohun tó dára ni èèyàn ń ṣe ní àṣejù.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òdì kejì ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí síńkì jọ. Wọ́n rí i pé HDL wálẹ̀ lára àwọn tí ara wọn le, ṣùgbọ́n ó lọ sókè lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì. Nítorí náà, bí ẹnì kan tó ní àtọ̀gbẹ bá sọ fún yín pé síńkì ṣe òun lóore, ó lè má parọ́. Ara tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín ni.

Ẹ jẹ́ ká lọ sórí kálísíọ́mù, nítorí ìtàn tirẹ̀ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù lọ nínú iṣẹ́ yìí. Ó nídìí tí a fi rò pé yóò ṣiṣẹ́. Kálísíọ́mù àti ọ̀rá bá pàdé nínú ìfun, wọ́n á di ohun kan tó jọ ọṣẹ, tí ara kò lè fà mu. Ó tún ń di òróǹro mú. Ẹ̀dọ̀ á wá fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù láti inú ẹ̀jẹ̀ kó lè ṣe òróǹro tuntun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ian Reid àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New Zealand dán an wò lára obìnrin 223 tí wọ́n ti dẹ́kun rírí nǹkan oṣù. Gíráàmù kan kálísíọ́mù lójúmọ́ ni wọ́n fún apá kan fún ọdún kan. Èsì tó jáde ní 2002 dùn ún gbọ́: HDL lọ sókè ní nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, LDL náà sì rọlẹ̀ díẹ̀. Ta ni kò ní rò pé ọkàn àwọn obìnrin yẹn ti rí ààbò?

Àwọn olùwádìí yẹn kan náà tẹ̀ lé obìnrin 1,471 fún ọdún márùn-ún. Nígbà tí èsì jáde ní 2008, àwọn tó ń lo kálísíọ́mù ni ìkọlù ọkàn pọ̀ sí láàárín wọn. Ní 2010, wọ́n kó ìwádìí mìíràn jọ pẹ̀lú tiwọn, ewu náà sì lé ní nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó ń lo kálísíọ́mù láìsí fítámì D. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi nítorí pé wọ́n gbé e jáde bó ṣe rí, bó tilẹ̀ tako ohun tí àwọn fúnra wọn ti ń retí. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀. Ní 2016, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà sọ pé kálísíọ́mù tí kò bá kọjá 2,000 sí 2,500 mg lójúmọ́ kò léwu fún ọkàn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sọ mọ́ pé kálísíọ́mù jẹ́ oògùn ọkàn. Ní ti àwọn ọkùnrin bíi tiyín, ìwádìí tí wọ́n ṣe fún ọdún méjì lára ọkùnrin 323 tí ara wọn le kò rí ìyípadà gidi nínú ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ìdí tí mo fi pẹ́ lórí èyí ni pé nọ́ńbà tó dára lórí ìwé kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ọkàn tó ní ààbò. Ní òpin 2006, wọ́n dá ìwádìí oògùn kan tó ń jẹ́ torcetrapib dúró. Ó gbé HDL sókè ju ìdajì lọ, ó sì mú LDL wálẹ̀. Àwọn tó ń lò ó ló ń kú jù. Nítorí náà, bí mo ṣe ń kọminú sí HDL yín, kì í ṣe nọ́ńbà yẹn nìkan ló ń dùn mí. Mo kà á sí àmì pé bàbà lè ti máa dín kù lára yín.

Ọ̀rọ̀ magnísíọ́mù kò gùn. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ìwádìí tó ní hóró òfìfo nínú jọ, wọn kò rí i kó mú àpapọ̀, LDL tàbí HDL yí padà lọ́nà tó nítumọ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí nínú rẹ̀ bí wọ́n bá kọjá 350 mg ti hóró lójúmọ́.

Ní ti kúrómíọ́mù, láti ìgbà tí àwọn olùwádìí Schwarz àti Mertz ti kéde ní 1959 pé ó ń ran àwọn eku lọ́wọ́ láti lo ṣúgà ni òkìkí rẹ̀ ti ń kàn. Ní 1981, ìwádìí kékeré kan lára ọkùnrin 23 sọ pé HDL wọn gòkè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní 2014, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù tiẹ̀ sọ pé àwọn kò rí ẹ̀rí tó dájú pé ara èèyàn nílò rẹ̀ rárá. Owó yín ló ń bá a lọ.

Sẹlíníọ́mù ní tirẹ̀ ní ẹ̀rí kan tó dà bíi pé ó gbè é lẹ́yìn. Ìwádìí kan ní Britain, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2011, fún àwọn èèyàn 501, ẹni ọdún 60 sí 74, ní 100, 200 tàbí 300 máíkírógíráàmù tàbí hóró òfìfo fún oṣù mẹ́fà. Àpapọ̀ wálẹ̀ ní nǹkan bíi 9 mg/dL lára àwọn tó lo 100 àti 200. Lára àwọn tó lo 300, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wálẹ̀. Sẹlíníọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wọ̀nyẹn kéré tẹ́lẹ̀, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Nínú ìwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà, àwọn tó lo 200 máíkírógíráàmù fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àtọ̀gbẹ ṣe jù, pàápàá àwọn tí sẹlíníọ́mù ti pọ̀ lára wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ní Denmark, wọ́n fún àwọn kan ní 300 fún ọdún márùn-ún. Nígbà tí wọ́n padà wò wọ́n lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ni wọ́n kú jù. N kò lè gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ fi irú ewu bẹ́ẹ̀ ra mílígíráàmù 9.

Ṣé mínírà kò wá wúlò fún ọ̀rọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rárá ni? Ó wúlò níbi tó bá ti ṣaláìtó. Ẹ wo áyódíìnì. Bí kò bá tó, ẹṣẹ́ táírọ́ọ̀dù tó wà lọ́rùn kò ní lè ṣiṣẹ́ dáadáa, nígbà tí táírọ́ọ̀dù bá sì lọ sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ kì í kó LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ, LDL á sì gòkè. Ìdí nìyí tí dókítà tó mọ iṣẹ́ fi máa ń yẹ táírọ́ọ̀dù wò nígbà tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù bá ga. Ẹ má torí èyí lọ máa mu áyódíìnì o. Àpọ̀jù rẹ̀ náà lè dá táírọ́ọ̀dù dúró. Ìkòkò tó ṣófo la ń bu omi sí. Èyí tó ti kún, ilẹ̀ ni omi rẹ̀ ń dà sí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ dáwọ́ síńkì dúró. Kúrómíọ́mù náà, ẹ fi sílẹ̀. Kálísíọ́mù àti magnísíọ́mù, bí kò bá jẹ́ pé dókítà ló ní kí ẹ lò wọ́n fún egungun tàbí nǹkan mìíràn, ẹ kò nílò wọn nítorí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀. Ẹ má sáré lọ ra hóró bàbà láti fi dí èyí tó sọ nù, nítorí oúnjẹ máa ń dá bàbà padà bí síńkì bá ti kúrò lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ yín bá ń kú tipiri, tàbí tí ó ń rẹ̀ yín láìnídìí, ẹ sọ fún dókítà kó yẹ bàbà àti iye ẹ̀jẹ̀ yín wò.

LDL 132 lára ẹni ọdún 43 tí kò ní àrùn kankan kì í ṣe ohun tó yẹ kó lé oorun lọ lójú yín. Ohun tó ń mú un wálẹ̀ ni kí ẹ fi òróró tí kì í dì rọ́pò ọ̀rá tó máa ń dì, kí ẹ sì máa jẹ fáíbà tó ń yọ́ nínú omi, irú èyí tó wà nínú ẹ̀wà, oat àti èso: gíráàmù 5 sí 10 rẹ̀ lójúmọ́ ń mú LDL wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí ju ohun tí gbogbo hóró yín ṣe papọ̀ lọ. Bí bàbá, ìyá tàbí ọmọ ìyá yín kan bá ti ní ìkọlù ọkàn nígbà tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, nítorí ìyẹn ló lè yí ìmọ̀ràn padà. Bó bá rí i pé oògùn statin yẹ yín, òun máa ń mú LDL wálẹ̀ ní ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí mínírà kankan tó sún mọ́ ọn.

Kí ẹ tó lọ rí i, ẹ kó gbogbo ìgò tí ẹ ń lò jọ, ẹ ka ara wọn. Síńkì sábà máa ń wà nínú hóró fítámì àpapọ̀ àti nínú àwọn hóró ọ̀fìnkìn tí a ń lá lẹ́nu. Ẹ mọ̀ pé 220 mg zinc sulfate tí wọ́n kọ sára ìgò, 50 mg síńkì gan-an ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, ẹ tún àyẹ̀wò ṣe ní yàrá àyẹ̀wò kan náà, kó má jẹ́ ìgbà tí ibà tàbí àìsàn mìíràn bá ń ṣe yín. Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí mi bí ẹ ti ṣe lọ́tẹ̀ yìí. HDL ni mo máa kọ́kọ́ wò.